Kádílákì Tí Kò Lè Jáde Nínú Ọgbà

Alámẹ́ríkà ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò dé Amẹ́ríkà rí, kódà lójú àlá. Mọ́tò rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kádílákì ni, aláwọ̀ ewé tó dúdú mọ́nú, tó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yàrá kan àbọ̀, tí irin dídán yí i ká láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tó o bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í dún gbàgà bíi tàwọn mọ́tò ìsinsìnyí; ńṣe ló máa ń rọra dún dùm, bí ìgbà téèyàn gbé ìrọ̀rí lé bẹ́ẹ̀dì. Àga iwájú rẹ̀ fẹ̀ débi pé èèyàn mẹ́ta lè jókòó síbẹ̀ kí ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan má kan ti ẹnì kejì. Tó bá sì ń lọ lójú títì, wàá rò pé mọ́tò jókòó jẹ́jẹ́ ni, pé ọ̀nà ló ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀.

Awakọ̀ ni Alámẹ́ríkà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gbé ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ bébà kan kiri nínú mọ́tò yìí. Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kò sí ẹlòmíì tóun lè fi í sílẹ̀ fún kí ọkàn òun balẹ̀. Ó ti di ọdún méjìlá. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ kan tí Alámẹ́ríkà kò bẹ mọ́tò wò kó tó jẹun. Á ká aṣọ ìbora kúrò lórí rẹ̀, á fi táwẹ́ẹ̀lì tó rọ̀ nù ún láti orí wálẹ̀, á fi ọwọ́ tẹ táyà, á fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, á nù ún, á kì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, àfi kó gbọn bàtà kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí tí wọ́n bá jọ jáde. Kò sẹ́ni tó ní kó má jókòó síwájú o. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ti mọ́ ọkọ rẹ̀ lára láti máa ṣí fúnni, bó bá sì ti ṣí i, ìyàwó á wọlé.

Nígbà tó yá, ìpá mú ọkọ. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́dọ̀ òun kí òun lè máa mójú tó o. Ìyàwó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó bá a lọ, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọgbẹ́ ara rẹ̀ kò jẹ Alámẹ́ríkà lógún. Mọ́tò ló ń rò: bátìrì rẹ̀, táyà rẹ̀, àwọn ológbò tí wọ́n lè máa sùn lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, wọ́n kọ́kọ́ rò pé táksí ṣì wọ́n gbé ni. Ṣọ́ọ̀bù méjì ti hù síwájú ilé. Onílé wọn, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó jogún ilé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló kọ́ wọn. Géètì ńlá ti wábi gbà. Onídìrí kan ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọwọ́ ọ̀tún, tòsì ṣì ṣófo, àlàfo àárín méjèèjì sì ni gbogbo ará ilé á máa gbà wọlé.

Báàgì ṣì wà léjìká Alámẹ́ríkà tó fi lọ wá téèpù. Ó wọn àlàfo náà, ó wọn mọ́tò, ó tún padà lọ wọn àlàfo. Mọ́tò fi ínṣì méjì fẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ojú ọgbẹ́ ló ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá onílé. Onílé kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun wọn ọ̀nà náà dáadáa kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù, pé mọ́tò tòun lòun fi wọ̀n ọ́n, ó sì kọjá fàlàlà. Mọ́tò ọ̀hún rèé, kò tóbi ju páálí lọ. Alámẹ́ríkà béèrè bóyá kò rí Kádílákì nínú ọgbà ni. Onílé ní òun rí nǹkan tí wọ́n fi aṣọ bò, àmọ́ òun rò pé ó ti kú ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ọ̀bẹ dókítà lọ. Onílé rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà, ló bá ní kó má bínú, òun á wá nǹkan ṣe sí i. Kò sì wá nǹkan kan ṣe.

Alámẹ́ríkà gba ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé kíkọ́ lọ. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí wọ́n ní kó máa lọ kó máa bọ̀, wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan tẹ̀ lé e. Ògiri ni ọkùnrin náà wá wò, àmọ́ bó ṣe fojú kan Kádílákì, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó wọ inú rẹ̀, ó ń ṣí àwo eérú sìgá tó wà lára ilẹ̀kùn, ó ń pa á dé, ó tún ń ṣí i. Ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ tan iná sí ẹ́ńjìnnì, ó sì dijú, ó ń gbọ́ ọ. Ó ní àwọn tó ṣe irú èyí ti tán láyé. Ó dúró ti bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló wo aago, ó ní wọ́n ń retí òun níbòmíì, ó sì lọ. Kò tiẹ̀ tú téèpù rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó pè náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Panẹbítà kan yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń mi orí bí ẹni tó rí ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Ìyàwó Alámẹ́ríkà bu tíì fún un. Ó mu ún dé ààbọ̀, ló bá ní kò sí wàhálà, òun á gé irin tó bo táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kúrò, tó bá ti jáde tán òun á tún jó o mọ́ ọn. Alámẹ́ríkà gba ife tíì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, láràárọ̀ ló ń tan mọ́tò náà, á sún un síwájú díẹ̀, á dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí táyà má baà pẹlẹbẹ sójú kan. Onídìrí tó ń wò ó láti fèrèsé ẹ̀yìn ní ó ń ṣe òun láàánú, pé ó dà bíi kìnnìún inú àgò.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ìyàwó rẹ̀ máa fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fẹ́ ṣe ètò ìdágbére fún un. Láti ọdún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ ti ń sọ pé inú Kádílákì ló máa bá lọ, pé ẹnu ọ̀nà ńlá ọsibítù lòun máa já a sí.

"Bàbá wọn," ìyàwó sọ, "ẹ jẹ́ ká wọ táksí. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbẹ̀ látọjọ́ yìí, wọn ò sì lé mi padà rí."

Ó ní òun ti ṣèlérí.

"Ṣé èmi lẹ ṣèlérí ọ̀hún fún ni, àbí mọ́tò?"

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ kò ká aṣọ ìbora kúrò lórí mọ́tò.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni bíríkìlà tó kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà wá tún ilẹ̀ onídìrí ṣe. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ìka kan ògiri kó-kó, ó ní àwọn búlọ́ọ̀kù náà ò gún, ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ńtì tóun fi rẹ́ wọn fi nípọn tó ínṣì kan àbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí àwọn bá ha á kúrò níbi tí ara mọ́tò máa gbà, ó máa kọjá. Onídìrí ní kí wọ́n ha ti apá ọ̀dọ̀ òun, òun á fi àwòrán bò ó. Ó wá ku onílé. Onílé ní òun á rò ó. Lọ́jọ́ kejì fóònù rẹ̀ ò lọ. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ọjọ́ ń lọ, Alámẹ́ríkà sì ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ kiri inú ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí ètò ìdágbére bọ́ sí, ó ní kí bíríkìlà gbé òòlù. Wọn ò tíì ṣe é dé ìdajì tí onílé fi yọ, ọṣẹ ìwẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri òun. Alámẹ́ríkà ní òun ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ó dáa," onílé sọ. "Ẹ ti bà á jẹ́ ná. Àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa rẹ́ ẹ padà bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò yín jáde, kò ní wọ ibí mọ́."

Alámẹ́ríkà wo òpópónà, tí oòrùn ti mú, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fi eré kọjá. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti múra tán, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó fi báàgì kọ́ apá. Ìyàwó kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ní kó má ṣe é.

"Máa ha á lọ," ó sọ fún bíríkìlà.

Ó tú dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò fúnra rẹ̀. Bíríkìlà dúró síwájú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pè é bọ̀. Àwọn oníbàárà onídìrí jáde wá wòran pẹ̀lú orí àbọ̀. Mọ́tò ti lọ dé àárín kí etí búlọ́ọ̀kù kan tó kọ́ ọ. Ó dún ṣíín, láti ilẹ̀kùn iwájú dé ẹ̀yìn. Alámẹ́ríkà tẹ bíréèkì. Tó bá padà sẹ́yìn, ògiri á tún ha á lẹ́ẹ̀kejì. Ó gé ètè jẹ, ó sì tẹ̀ síwájú.

Níta, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà funfun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ sì kọjá lára rẹ̀, ó ṣí ti iwájú fúnra rẹ̀, ó jókòó.

Wọ́n dé ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ tú síta, mọ́tò ni wọ́n rọ́ bò. Ọ̀gá ibi ìfọṣọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n rà fún ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ń béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìyàwó ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sẹ́ni tó rí i. Orí Alámẹ́ríkà gbóná. Ọdún méjìlá ló fi ń fẹ́ kí wọ́n yẹ́ mọ́tò yìí sí, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbà á lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó mi lẹ pè," ó sọ. "Ẹ kí i ná."

Ojú tì wọ́n, wọ́n sì lọ gbá a mọ́ra. Alámẹ́ríkà bá wọn jókòó títí ètò fi parí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dìde lọ yọjú wo mọ́tò lójú fèrèsé.

Onílé ṣe bó ṣe wí, wọ́n rẹ́ ògiri padà. Oṣù méjì ni Kádílákì fi dúró sẹ́bàá títì, eruku ń bò ó kí wọ́n tó nù ún tán, kò sì sẹ́ni tó kọjá tí kò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tó sú Alámẹ́ríkà, wọ́n kó lọ sílé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ìlú, tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀. Ibi ìdáná rẹ̀ há débi pé ìyàwó ní láti jáde síta kó tó lè yí padà, kì í sì í jẹ́ kí ọkọ gbàgbé. Ìkùnsínú ọkọ náà kò sì tán: apá ibi tí wọ́n tún kùn lára mọ́tò, ewé ni, àmọ́ kì í ṣe irú ewé yẹn.

Nísinsìnyí tí kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìyàwó máa ń fẹ́ jáde. Iwájú ló ń jókòó. Ó máa ń sọ ibi tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ yà sí fún un, ó máa ń ní eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, Alámẹ́ríkà, tó ti ń wa mọ́tò láti ọdún mọ́kànlélógójì, á sì di sítíárìn mú, á wo iwájú.