Òróró Màmá Mi àti Máíkì Tí Kò Gbé Ohùn

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́. Aago náà dá mi lójú nítorí ó wà lára ohùn tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá mi jókòó ní pálọ̀ wa ní Lokogoma, níwájú máíkì alátúùbù kan tí mo fọwọ́ ara mi tú, tí mo pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀, títí kan túùbù, gílóòbù kékeré tó ń gbé ohùn sókè. Wọ́n kọ ọ̀kan nínú àwọn orin tí ìyá tiwọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ní Èkìtì. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa padà sílé ní Èkìtì pátápátá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń gbọ́ Èkìtì, ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn. Kí Màmá tó lọ, wọ́n fẹ́ fi àwọn orin náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí a gbọ́ ohun tí a gbà, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kọrin lẹ́yìn ògiri.

Màmá yọ íápíìsì kúrò létí. "Ó parí náà nìyẹn. Ohùn mi ti lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo ní wọ́n ń jowú ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ohùn yín kọ́, Màmá. Òróró yín ni. Ẹ ti fi òróró wẹ máíkì ọlọ́máíkì!"

Òótọ́ ni pé kí a tó bẹ̀rẹ̀, Màmá ti ti ìka bọ ìgò òróró àdúrà, wọ́n sì ti fi ṣe àmì àgbélébùú sórí irin máíkì náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe sí bírò wa ní àsìkò ìdánwò. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé ìgò náà, wọ́n tì í bọ inú báàgì. "Má bínú sí mi o," ni wọ́n sọ fún mi, bí ẹni pé èmi ni àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju máíkì lọ.

N kì í fẹ́ sọ ohun tí n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló lè fà á: ohùn Màmá, òróró Màmá, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá níwájú máíkì náà, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀ tó ń jí gbogbo ẹ́sítéètì. Ohùn tirẹ̀ náà lọ sílẹ̀ nínú máíkì. Mo fi fóònù mi gba ohùn kan náà láti ibi kan náà, ó ròkè ketekete. Mo sọ fún Màmá pé kì í ṣe ohùn wọn.

"O kàn ń tù mí nínú ni," ni wọ́n wí. Wọ́n lọ ń di ẹrù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo tú máíkì náà. Mo pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Mo dá túùbù àtijọ́ padà sínú rẹ̀, bákan náà ni. Awọ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba ohùn, iná gbọ́dọ̀ dúró lára awọ yẹn kó tó lè ṣiṣẹ́. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná kàn án: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mo ti mú olè. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé iná ibẹ̀ kéré débi pé mítà fúnra rẹ̀ a máa mu ún tán kó tó kà á. Ẹ̀rí tí mo rò pé mo ní kì í ṣe ẹ̀rí. Mo padà wọn ọ́n níbi tí iná ti ń wọlé, ọgọ́ta fólítì pé pérépéré. Iná ń wọlé, ṣùgbọ́n máíkì kò gbé ohùn, a jẹ́ pé kò dé ara awọ náà. Ó ń jò lójú ọ̀nà.

Mo fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ibi tí mo ti jó wáyà mọ́ra. Oje lẹ́ẹ̀dì tí mo fi jó o ti gbẹ síbẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àmì ìka ènìyàn wà nínú rẹ̀, ọ̀rinrin ọwọ́ àti irú oje bẹ́ẹ̀ ni iná kékeré máa ń gbà jò.

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú wò ó. "Ìka Màmá nìyẹn."

"Màmá ò fọwọ́ kan inú rẹ̀ rí. Èmi nìkan ni mo ṣí i."

"Ṣé ìwọ lo wá jẹ̀bi, Ẹnjiníà?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá."

N kò rántí ìgbà tí ẹ̀bi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ra sípírítì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, mo fi òwú nu ibẹ̀ títí àmì ìka náà fi parẹ́. Mo fi ẹ̀rọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbẹ irun gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, n kò sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Nígbà tí mo dé e padà, ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kó tó dé ẹ̀ta, ìlà tó ń fi ohùn hàn lójú kọ̀ǹpútà ti fò wọ pupa. Mo ní láti yí i wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo débi pé Màmá jáde láti inú yàrá.

"Màmá, ó ku ìdánwò kan," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú òróró yín wá."

"Kí n tún bà á jẹ́?"

"Bí ẹ ò bá fi sí i, n kò lè búra pé òróró kọ́ ló fà á."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ó fẹ́ kí òróró àdúrà jókòó ṣe ìdánwò!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àná. Wọ́n mú ìgò náà wá, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú sí ibi tí wọ́n ṣe é sí tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà náà dúró síbi tó dúró sí kí òróró tó kàn án. Kò yẹ̀ rárá.

Màmá jókòó síwájú máíkì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Orin méje ni wọ́n kọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ohùn mi rèé." Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀ kí àwọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bóyá àwọn ọmọ yóò kọ́ orin náà, n kò lè sọ. Bóyá ẹgbẹ́ akọrin ṣìnà nípa ohùn Màmá, n kò sí níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti fi orin méjèèje sínú fóònù Màmá. Mo dúró ní gáréèjì títí mọ́tò Èkìtì fi yà sí títì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n jókòó sí. Íápíìsì wà ní etí wọn méjèèjì, ẹnu wọn sì ń lọ mọ́ orin náà.