Ewì Ìyá Ẹlẹ́ní

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń wọ yúnifọ́ọ̀mù lọ sílé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ní Èkó, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ní. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹní ni wọ́n ń tà. Àwa ọmọ Sàró, tí àwọn baba ńlá wa ti ilẹ̀ Sàró padà wálé, ẹ má bínú, a gbéra ga nígbà náà. Bàbá mi àgbà tó ti kú ṣe katikíìsì nígbà ayé wọn, dùùrù wà nílé wa, a sì gbà pé ẹni tí kò bá ti mọ ABC, kò mọ̀wé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ní mọ̀wé. Bàbá wọn, tó jẹ́ àfáà, ti kọ́ wọn ní lẹ́tà Lárúbáwá láti kékeré, òun ni wọ́n sì fi ń kọ ewì Yorùbá sínú ìwé kan tó nípọn. Tí kò bá sí oníbàárà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á máa kà á jẹ́jẹ́. Èmi rò pé àdúrà ni.

Lọ́dún kan, tíṣà wa ní kí kálukú mú ewì kan wá, èyí tí àgbàlagbà kan nínú ìdílé tàbí àdúgbò rẹ̀ kọ. Èyí tó bá dára jù yóò wọ ìwé tí ilé ìwé fẹ́ tẹ̀. Bàbá mi àgbà kò kọ nǹkan kan rí ju orúkọ àwọn tó ṣèrìbọmi lọ, ni mo bá lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ní. Inú wọn dùn débi pé wọ́n pa ọjà tì. Wọ́n ń kà, mo ń kọ. Ewì obìnrin kan tó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó ni: “Ẹní lórí, ọmọ lẹ́yìn, ọ̀sà níwájú mi.” Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí, pé kí n kọ orúkọ àwọn sísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ náà hàn mí lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé wọn, wọ́n sì pè é fún mi. Mi ò tilẹ̀ fetí sí i.

Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn ẹgbẹ́ mi má lọ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹlẹ́ní ló kọ ewì mi. Orúkọ bàbá mi àgbà ni mo kọ. Nígbà tó sì jẹ́ pé katikíìsì kì í pọnmọ, kì í ru ẹní, mo yí ìlà yẹn padà: “Bíbélì lọ́wọ́, agboòrùn lórí, ọ̀sà níwájú mi.” Tíṣà yìn mí títí.

Nígbà tí ìwé jáde, Ìyá Ẹlẹ́ní ní kí n wá ka ewì àwọn fún àwọn. Mo kà á láti orí, bí wọ́n ṣe pè é fún mi, mi ò ka ohun tó wà níwájú mi. Wọ́n wá fìka kan orúkọ bàbá mi àgbà.

“Ṣé orúkọ mi nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n tún fọwọ́ pa á, wọ́n sì gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí orúkọ tèmi náà parẹ́. Mi ò jẹ́wọ́ fún wọn títí wọ́n fi kú. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí.

Ewì náà bọ́ sínú ìwé kíkà, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló sì mọ̀ ọ́n sórí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó wà lára àwọn tó ń ṣa ewì fún ìwé kíkà tuntun, wá bá mi. Ó ní àwọn ọkùnrin oníṣọ́ọ̀ṣì ló kún inú ti àtijọ́, pé àwọn fẹ́ kí obìnrin wà níbẹ̀, kí Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ó ní ewì katikíìsì làwọn fẹ́ yọ kí àyè lè wà, pé kí n má bínú.

Mo bú sẹ́kún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn mú bírò rẹ̀.

“Màmá, kí lorúkọ wọn gan-an?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹlẹ́ní ni mo mọ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tí a gbójú fò nígbà tiwa ni wọ́n ń wá kiri lónìí, ó sì dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èmi ló sọ wọ́n dẹni à ń wá. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ-ọmọ mi yóò lọ sí agboolé Ìyá Ẹlẹ́ní, ká lọ béèrè bóyá ìwé ewì wọn ṣì wà. Bó bá wà, a ó wá ẹni tó mọ lẹ́tà Lárúbáwá, kó ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, màá fetí sí i.