Ìròyìn Tí Mo Gbé Lọ sí Ajah

Òórùn ẹyin díndín àti tíì ló kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jókòó, mo ní kí wọ́n fún mi ní tíì àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni ọmọbìnrin tó ń tà á pè é, kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán, ẹran inú rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ṣíbí wá. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n á gbé adìyẹ wá, a ó sì máa ráhùn pé ó le. Mo sanwó tíì náà. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin kò gbọdọ̀ máa bá ọmọdé jà nítorí búrẹ́dì.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní òkè òkun ni mo ti ń bọ̀. Ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ kò ní gbéra títí di aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, aago méje àárọ̀ kò sì tíì lù. Ẹsẹ̀ mi wú, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ǹ bá ti sùn sórí àga níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé ìròyìn kan lọ́wọ́ tó ti ń wúwo fún mi láti bí oṣù kan. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta tí a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì, èyí tó ń gbé ní Ìbàdàn, ti kú. Òkè òkun ni mo wà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè mí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi béèrè pé ta ni, mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, wọ́n ní pẹ̀lẹ́, wọ́n sì padà sídìí eré wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tí mo lè bá sunkún rẹ̀, ìyẹn ẹnì kẹta wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ajah. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mo fi ẹrù mi síbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ẹrù, mo sì wọ takisí.

Awakọ̀ náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ọ̀rọ̀ fún. Nígbà tí a dé Lẹ́kkí, ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti dé apá ibí kẹ́yìn?"

"Ó pẹ́. Yanrìn nìkan ló wà níbí nígbà yẹn."

"Yanrìn kẹ̀? Bàbá, ẹ ò bá ti ra púlọ́ọ̀tì méjì péré. Ọ̀gá ńlá là bá máa pè yín báyìí."

"Ta ló fẹ́ fowó ra omi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà. Òótọ́ ni mo sì sọ fún un. Nígbà ìsinmi kan, àwa mẹ́ta wá sí etíkun yìí, a rìn títí yanrìn fi kún bàtà wa, igi àgbọn àti àwọn apẹja nìkan la rí. Ará Ìbàdàn wa ní kò sí ọlọgbọ́n tó máa kọ́lé síbí láéláé. Báńkì lórí báńkì ni mo ń rí báyìí ní Lẹ́kkí Phase 1. A dé Igbó Ẹfọ̀n, mi ò rí igbó, mi ò sì rí ẹfọ̀n. A kọjá ẹnu géètì VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó, níbi tí àwọn ọlọ́dẹ ti ń yọjú wo inú ọkọ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Wíwo àwọn ilé náà rẹ̀ mí. Ibi tí mo mọ̀ wà lábẹ́ gbogbo èyí, kò sì sẹ́ni tí mo lè fi hàn.

Ní ẹnu géètì ẹ́sítéètì wọn ní Ajah, ọlọ́dẹ ní kí n mú kóòdù tí onílé fi ń pe àlejò wọlé wá. Mi ò ní kóòdù, nọ́ńbà ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni mo ní. Wọ́n pè é, ṣùgbọ́n dípò kí ó fi kóòdù ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí kọnkéré, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbàdàn ló gbé yín wá, ẹ má sọ fún wọn."

"Bàbá rẹ ò tíì gbọ́?"

"Rárá, sà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò lọ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó lè sọ ọ́ ni mo ti bẹ̀. Ẹ̀yin ló kù."

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. A kì í ju irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lu arúgbó; wọ́n á fi pamọ́, wọ́n á máa yí ọ̀rọ̀ ká, nígbà mìíràn títí wọ́n á fi sìnkú tán. Èmi náà ṣe é fún bàbá mi, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ṣèlérí fún ọmọ náà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé e lọ sílé, ó rẹ̀ mí ju bó ṣe rẹ̀ mí nínú ọkọ̀ òfurufú lọ.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí fàráńdà, ó fi aṣọ bo orúnkún rẹ̀ nínú ooru yẹn.

"Wo bó o ṣe gbẹ bíi panla," ló fi kí mi.

"Ìwọ ńkọ́, tó o wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, tí ọmọ rẹ̀ sáré jáde. Ọmọ náà gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún wa, ó jókòó tì wá, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. A sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a sọ ti orúnkún, a sọ ti iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi wo inú àwo rẹ̀, ó ní, "Ará Ìbàdàn wa ńkọ́?"

Ọmọ rẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ó wà," ni mo wí. "Ó ní kí n kí ọ."

"Ó dáa. Bá mi kí i padà."

Mo fi ṣíbí mi sílẹ̀.

Nígbà tó di aago kan, mo dìde. Ó ta kú pé òun á sìn mí dé ìdí takisí, tí mo ti ní kó dúró dè mí. Ọmọ rẹ̀ padà sínú ilé lọ mú omi tí mo máa mu lọ́nà. Bó ṣe wọlé báyìí, ọ̀rẹ́ mi gbá mi lọ́wọ́ mú.

"O ò tíì mọ irọ́ pa síbẹ̀," ó rọra wí.

Mo fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo pe ará Ìbàdàn wa lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù, ó ní bàbá òun ń sùn. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àwa méjèèjì fojú kan oorun." Ó wẹ̀yìn wo ilé. "Má jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé mo ti gbọ́ o. Ó ti ṣe làálàá jù kó tó lè fi pamọ́ fún mi."

A di ara wa mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí náà, a sunkún láìpariwo. Awakọ̀ yẹn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, yíjú sí ògiri. Nígbà tí ọmọ náà fi máa jáde, a ti nu ojú wa.

"Kí ló dé, sà?"

"Eruku Ajah yín yìí," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó pọ̀ jù."

Mo bá ọkọ̀ òfurufú mi lọ sí Àkúrẹ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jókòó tán nínú ọkàn mi ni mo tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn ọmọ fi òkú pamọ́ fún wa, ìfẹ́ náà ló sì ń mú kí àgbàlagbà máa sá pamọ́ ṣọ̀fọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń kẹ́ ẹ. Mo ti sọ fún àwọn tèmi pé ẹnikẹ́ni tó bá lọ nínú wa, kí wọ́n sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n yára dáhùn jù. Nínú àwa méje tí a máa ń jókòó sí tábìlì kan náà jẹun ní yunifásítì, àwa mẹ́rin ló ṣẹ́kù: ẹnì kan ní Abẹ́òkúta tí kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́, ẹnì kan ní Ọ̀ffà tó ṣì ń lọ sóko, ọ̀rẹ́ mi ní Ajah, àti èmi. Ìyẹn ni iye tí wọ́n jẹ́ kí n mọ̀.