Ọjọ́ tí Abíyá Aṣọ Akọrin Ya

Fàà! Lábẹ́ afárá Ṣàngó ni mo ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ sókè láti gba ẹrù lórí ọkọ̀, ni abíyá ẹ̀wù rẹ̀ bá là dé ìhà. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan bo ibi tó ya, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró yẹn rí lára gbogbo akọrin ìjọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní fi í ṣe ẹ̀rín mọ́ láyé. Mo dúró ti obìnrin tó ń sun àgbàdo, èéfín rẹ̀ ń ta mí lójú, mo sì ti padà di ọmọdébìnrin tó gbé aṣọ sínú náílọ́ọ̀nù dání lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, inú sì ń bí mi díẹ̀. Ẹ ti sọ ọ́ di orin pé kò sẹ́ni tó ń ran ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́wọ́ nílùú yìí, pé bí èèyàn ò bá ní ẹni ńlá lókè, kó yáa gbàgbé ẹ̀. Ẹ ní bó ṣe wà látijọ́ náà nìyẹn, pé kálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Irọ́ ni. Ìṣojú mi ni àtijọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi ẹnu gba ohun tí mo fi ojú rí lọ́wọ́ mi.

Àárín Ọ̀tà ni ilé wa wà, agboolé àtijọ́ tí wọ́n fi páànù tuntun bo orí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ògiri rẹ̀ ṣì jẹ́ amọ̀. Kànga wà láàárín agbo ilé, igi àgbálùmọ̀ kan sì wà lẹ́yìnkùlé tí àwa ọmọdé máa ń jà sí lábẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìlú ń yí padà lójú wa. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lọ́dún yìí, tó bá fi máa di àmọ́dún, wọ́n ti to àga oníke síbẹ̀ fún ìsìn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ti ń kígbe níbẹ̀. Wọ́n tún ń dá yunifásítì sílẹ̀ nílùú. Àwọn òbí á ti Èkó wá, wọ́n á máa wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa béèrè yàrá tó mọ́ fún ọmọ wọn. Onílé tó ti ń fi yàrá kó iṣu pamọ́ gbé iṣu jáde, ó kun ògiri lọ́dà, ó sì di lánlọ́ọ̀dù.

Lọ́dún yẹn ni ilé iṣẹ́ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó kógbá wọlé. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú wíwọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, á sì wá jókòó sí ìta bí ẹni pé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń bọ̀ wá gbé e. Ìyá mi ò jókòó ní tirẹ̀. Ó fa ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tó fi kọ́ṣẹ́ nígbà omidan rẹ̀ jáde, ó fi epo sí i, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ńlá. Bàbá Ńlá ni olórí ilé. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni ìyá mi tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ńlá ti ń fojú sí yàrá náà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ó dáa, ìyàwó. Máa lò ó ná. Àmọ́ tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ò bá lójú, mi ò ní bẹ̀ ọ́ kó o tó kó jáde o." Ohun tó so rọ̀ sí wa lọ́rùn nìyẹn. Kò sí yàrá míì, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń mú oúnjẹ wọlé.

Ẹ wá gbọ́ nípa ẹgbẹ́ aránṣọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé lábẹ́ ibòji kan nítòsí ọjà, àwọn ará Ọ̀tà pẹ̀lú àwọn tó ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá. Wọ́n ní àṣà kan. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àgbà kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ á fi oníbàárà kan lára tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe oníbàárà àwìn o, kì í sì ṣe èyí tó máa ń ní kí wọ́n bá òun tú aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin kọ ìyẹn. Oníbàárà tó máa dùn ọ́ láti fi sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Alága wọn, Màmá Ìsẹ́yìn, obìnrin gíga kan tí kì í bọ́ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, tó fi dórí pé ó máa ń gbé e lọ sóde ìsìnkú, ló fi èyí tó tóbi jù ránṣẹ́ sí ìyá mi: ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tuntun kan lójú ọ̀nà Ìdírókò. Aṣọ akọrin, pupa bí obì, ọrùn rẹ̀ funfun.

Mùsùlùmí ni wá. Ìyá mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, àfi ìgbà ìgbéyàwó tó dúró síta. Ó wọn àwọn akọrin lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá iwájú, wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n dúró ṣinṣin, ó sì rán aṣọ tó bá ara wọn mu rẹ́gí. Èmi ni mo gán bọ́tìnnì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n rí i pé aṣọ kan ṣẹ́ kù sílé, ni ìyá mi bá ní kí n sáré gbé e lọ.

Mo gbé e dé, mi ò sì lọ mọ́. Ta ló máa lọ? Àwọn akọrin wọlé nínú aṣọ ìyá mi, gbogbo ìjọ dìde, orí mi wú. Àwọn akọrin àlejò láti ìjọ mìíràn wà níwájú, wọ́n ń wo tiwa pẹ̀lú ìlara. Orin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbóná, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní kí gbogbo ọwọ́ lọ sókè, gbogbo ọwọ́ sì lọ sókè. Fàà! Láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Wọ́n kọ ìyókù orin náà pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n fún mọ́ ìhà, bí adìẹ tí òjò pa.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí Ọ̀tà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Mùsùlùmí ni, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní Ọlọ́run ló kọ̀ ọ́ fún un, kí ló ń wá nídìí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn tí kì í jókòó pọ̀ ti wá jọ ń jẹ ẹran ara ìyá mi. Lọ́jọ́ kejì, Bùrọ́dà Dípọ̀, ọ̀gá akọrin, kó gbogbo aṣọ náà dé nínú báàgì ńlá kan, ó dà á sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ ìjọ, òun máa gbé aṣọ lọ fún aránṣọ Èkó. Bàbá Ńlá náà kò fi àkókò ṣòfò. Ó mú ọkùnrin kan tó ń wá yàrá fún ọmọ rẹ̀ wá láti wo tiwa, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ún níṣojú ìyá mi, ó ń sọ ibi tí ibùsùn máa wà.

Ọmọ tó rò pé ìyá òun máa sunkún ni mí lọ́jọ́ yẹn. Kò sunkún. Ó ṣa aṣọ náà jọ nílẹ̀, ó sì wí fún Bùrọ́dà Dípọ̀ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, sà. Ọwọ́ tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe. Tí kò bá dáa lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wá kó o, kí ẹ sì kó ẹ̀rọ mi mọ́ ọn." Bùrọ́dà Dípọ̀ lọ láìkó nǹkan kan.

Màmá Ìsẹ́yìn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò bú ìyá mi, kò sì kí i kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó wọ ọ̀kan nínú aṣọ náà, ó gbé apá sókè díẹ̀, ó rí i bí abíyá rẹ̀ ṣe fún, ó sì bọ́ ọ.

"O wọn ara wọn," ó wí, "o ò wọn orin wọn."

Ìyá mi ní, "Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń nawọ́ tó bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Níbo lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Lọ wò wọ́n."

Bàbá Ńlá ti gbọ́. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn akọrin máa ń dánra wò, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ó ní obìnrin ilé òun kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, kò fo ìkúnlẹ̀ yẹn, nítorí ọmọlúàbí ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti kírun kí n tó jáde. Apá ni mò ń lọ wò." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, a sì gba ẹ̀gbẹ́ àga náà kọjá. Títí di òní, tí mo bá rántí bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ àga yẹn kọjá, àyà mi máa ń gbòòrò.

A jókòó sẹ́yìn. Àwọn akọrin kọ́kọ́ ń wò wá ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Ìyá mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni, apá ló ń wò. Ó rí i pé àwọn obìnrin máa ń na tiwọn sẹ́yìn ju àwọn ọkùnrin lọ, pé àwọn kan máa ń fò, pé onílù kan wà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó yá, ó dìde, ó tọ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù lọ, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun nawọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó na téèpù láti ìbàdí dé ìka ọwọ́. Òun náà nawọ́ tirẹ̀ sókè láti mọ bó ṣe ń fà, ló bá bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín, nígbà tó fi máa di ìparí, wọ́n ti tò sórí ìlà fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí wọ́n tú abíyá, kí wọ́n fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin sí i, kí apá lè ráyè. Ibo ni a ti máa rí irú aṣọ náà? Ẹ̀yin tó ń bú aránṣọ pé wọn kì í dá ìyókù aṣọ padà, ẹ ṣe sùúrù. Ìyókù wà. Ìyá mi ti fi í rán gáùn fún mi, ó ku kó ṣẹ́ etí rẹ̀ ni. Mo sunkún lórí gáùn yẹn, mi ò ní purọ́. Wọ́n tú u lójú mi, ó sì di abíyá àwọn akọrin.

Ọwọ́ ẹnì kan ò lè parí rẹ̀. Nítorí náà ni Màmá Ìsẹ́yìn ṣe pe ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin rò pé oko nìkan ni wọ́n ti ń pe ọ̀wẹ̀ àbí? Láàárọ̀ Sátidé, àwọn aránṣọ dé láti gbogbo àdúgbò, ẹ̀rọ lórí, ẹ̀rọ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa lọ́jọ́ tí oníbàárà pọ̀ jù. Wọ́n tò dé ẹnu kànga. Bàbá mi bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó ń lọ aṣọ tí wọ́n bá ti rán tán. Ọlọ́kadà kan dúró ní títì, ó kígbe pé, "Madam, una don open factory for here?" Màmá Ìsẹ́yìn dá a lóhùn láìgbé ojú sókè: "A ti ṣí i o! Lọ sọ fún wọn ní Ṣàngó."

Bàbá Ńlá jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ gba yàrá dé lọ́sàn-án, ó bá ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a nínú yàrá, kò rí ibi tó máa fẹsẹ̀ sí, ó padà.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ aránṣọ dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Orin dé ibi tó burú yẹn. Ọwọ́ lọ sókè. Ìró kan ò sí àfi ti orin. Wọ́n ní orin náà dùn débi tí àwọn àgbàlagbà sunkún, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbọ́ ọ. Abíyá ló ń wò, láti ọ̀kan dé èkejì. Bàbá Ńlá ò dárúkọ yàrá yẹn mọ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Wọ́n ti wó ògiri amọ̀, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Akọrin ìsinsìnyí ń ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ láti òkè òkun. Ìyá mi ti lọ, Màmá Ìsẹ́yìn ti lọ, èmi náà tí mo jogún ẹ̀rọ ti ń fi gíláàsì ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo sì mọ̀ pé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lóde, èèyàn sì pọ̀ lórí fóònù tó ń kọ́ yín bí òwò ṣe ń dàgbà. Ẹ gbọ́ tiwọn, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tí ìlú ń rẹ́rìn-ín, èwo nínú wọn ló máa ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa wá ràn yín lọ́wọ́?

Lánàá ni ọmọbìnrin kan pè mí láti Ìjòkó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni, ó sì ti gé aṣọ ìyàwó kan sódì. Ó ń sunkún, ó ní àwọn aládùúgbò ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun máa ti ilẹ̀kùn, òun máa padà sí Òṣogbo. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, wọ́n sì ti ń dáhùn láti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀wẹ̀ ti kú ní Ọ̀tà, kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ yẹn lọ́la, kó sì yà fún wa, nítorí ẹ̀rọ wúwo, a ò sì ní dúró kí ẹnikẹ́ni.