Pátákó Thornton ní Midrand

Lọ́dún 2009, iṣẹ́ pátákó òpópónà ni mo ń ṣe ní Johannesburg, èmi àti Themba, ọmọ Súlú tí a jọ ń gbẹ́ ihò. Ẹ́sítéètì tuntun kan ní Midrand gbé iṣẹ́ fún wa. Orúkọ abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá tó ni ín fi sọ gbogbo òpópónà ibẹ̀, nítorí àwọn abúlé tó yí ilé baba rẹ̀ ká ni. Ó sì fẹ́ràn àlàyé.

"Abà ẹlẹ́gùn-ún ni Thornton," ó ní. "Igi ẹ̀gún ni àwọn àgbẹ̀ bá níbẹ̀ láyé àtijọ́."

Mo ní bíi Ìdí-Àràbà tiwa nìyẹn. Mo ti rò pé òyìnbó kàn ń sọ orúkọ bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ni.

Ihò tí a fẹ́ ri pátákó Thornton sí ló dà mí láàmú. Gbòǹgbò líle ń dí irin mi, bẹ́ẹ̀ katakata ti tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, kò sí igi kankan. Ibẹ̀ la wà tí màmá àgbà kan fi dé, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lọ́wọ́ ọmọ náà. Themba túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi: wọ́n sin ìyá màmá yìí sábẹ́ igi kan nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀. Ẹ̀ka náà ni wọn yóò fi mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n ojú oórì gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pè é. Lọ́jọ́ kejì sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́sítéètì máa da kọnkéré síbẹ̀. Màmá ti rìn títí, kò dá ibi kankan mọ̀ mọ́, ó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo ní kí Themba bi í ohun tí wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ibi Ẹ̀gún," ni màmá wí.

Mo wo pátákó Thornton tó wà nílẹ̀. Mo fa gbòǹgbò kan yọ, mo nà án sí i. Ó gbé e sí imú, ó dá a mọ̀, ó gba ẹ̀ka lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ihò. "Ìyá mi, ẹ dìde. A ń lọ sílé." Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, àmọ́ ewé ẹ̀ka náà ń mì.

Wọ́n gbéra. Mo ní, "Ẹ ó délé re o, Màmá." Kò dáhùn. Mo tún kí i, ó dákẹ́. Inú bí mi. Àbí kí ni mo ṣe? Mo tẹ̀ lé e dé géètì, mo tún kí i. Themba fà mí láṣọ.

"Eish, fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀ka yẹn kì í bá alààyè sọ̀rọ̀, àfi òkú."

Màmá dúró. Kò wojú mi. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀ka náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Themba túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ìyá mi, ọkùnrin tó rí yín ló ń kí yín."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀ka igi. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá."