Àlàájì Gbàdàmọ́sí Tó Wá Atẹ́gùn Lọ Sílé Àna

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí Àlàájì Gbàdàmọ́sí ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó fún Usamah, ọmọ àbúrò rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Òun ni àgbà tó ṣíwájú wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n wọlé, wọ́n kí ara wọn, wọ́n jókòó. Pálọ̀ yẹn gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Gbogbo fèrèsé ló tì pa, eruku sì ti di ojú nẹ́ẹ̀tì wọn bí ìgbà tí èèyàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.

Sàúdátù, tó ń ṣe alága fún ìdílé ìyàwó, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin àlejò wa, kí lẹ wá wá nílé yìí o?"

Gbogbo ayé ló mọ èsì ìbéèrè yẹn. Òdòdó kan ni wọ́n rí nínú ọgbà, òdòdó yẹn ni wọ́n fẹ́ já. Àlàájì ṣí fìlà, ó fi nu òógùn ojú. Ó ní, "Atẹ́gùn ni."

Bàbá ìyàwó dìde lórí àga. "Àlàájì, ṣé Hafeezah ọmọ mi lẹ wá tọrọ ni, àbí fèrèsé mi?"

"Ọmọ yín ni, àna wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mí ná. Òkú kì í tọrọ ìyàwó."

Usamah ń ṣẹ́jú sí Àlàájì pé kó jókòó. Ó rò pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Àlàájì ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó gun àga, ó ṣí fèrèsé kan, ó yọ nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ìgbà tó dé, ó dá a padà sójú fèrèsé, ó tún ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí fèrèsé yẹn. Ó ní, "Atẹ́gùn dà bí àlejò tó gbọ́n. Tí kò bá rí ibi tó máa gbà jáde, kò ní wọlé."

Atẹ́gùn wọlé lóòótọ́. Kọ́tìnì gbéra. Ìyá àgbà ilé yẹn, tí ooru ò jẹ́ kó jáde sí àlejò láti àárọ̀, fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde láti yàrá. "Ta ló ṣí i?" Wọ́n nawọ́ sí Àlàájì. Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ fún un lọ́mọ náà. Tó bá fẹ́ méjì, ẹ fún un."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí èèyàn nínú. Àlàájì ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé, Ìbráhìm, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ní òun máa yọ gbogbo fèrèsé ilé bàbá òun, fèrèsé onídígí pẹlẹbẹ tó máa ń ṣí gbayawu yẹn. Ó ní àwọn àlejò á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri. Ràmọ́tà ìyá rẹ̀ ló sì máa sùn nínú ilé yẹn tí Ìbráhìm bá ti padà s'Ékòó. Ìyá bẹ ọmọ, ọmọ ò gbọ́. Fèrèsé tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn o: tó o bá ṣí ọ̀tún, òsì tì. Odindi lórúkọ, ìlàjì níṣẹ́. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́? Ìjẹ̀bú-Òde wo ni wọn kì í ti í mú iná lọ?

Ẹni tí kò rí Àlàájì níbi tó ti ń ra nẹ́ẹ̀tì ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé jù nù. Ó máa ń mú àbẹ́là àti ìṣáná lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Á ní kí Mardiyah tó ń ta nẹ́ẹ̀tì di àbẹ́là mú lódìkejì, á fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu, á wá fẹ́ ẹ. Iná ò mì.

"Mardiyah, ògiri lò ń tà fún mi."

"Àlàájì, nẹ́ẹ̀tì gidi ni. Ẹ̀fọn ò lè gbabẹ̀ kọjá."

"Èmi náà ò lè gbabẹ̀ kọjá. Mú òmíràn wá."

Ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Àwọn oníbàárà tó wá ra nǹkan mìíràn pagbo, wọ́n ń wòran. Ìgbà tí àbẹ́là kú nígbẹ̀yìn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlàájì ní, "Ó yá, ká wá ná an." Mardiyah kó kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀. "Ẹ máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, Àlàájì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n ti ṣọ́ọ̀bù."

Tó bá di àárọ̀ Iléyá, á dúró sójú ọ̀nà, á máa ju ìyẹ́ adìẹ sókè kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Ibi tó bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ti máa sun ẹran, ibẹ̀ náà ni. Ó pe Olúyọmí, onígbàgbọ́ tí kò pa nǹkan kan. "Olúyọmí, sún àga ẹ síhìn-ín. Òórùn ẹran ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ, kí ẹran fúnra ẹ̀ tó dé."

Èéfín ò sì wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ìkókó ń sùn lọ́jọ́ Iléyá ládùúgbò yẹn. Àwọn tó ń pè é ní wèrè, inú atẹ́gùn tó là fún wọn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń pè é. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kódà táwọn ò bá dúpẹ́.

Ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ kó fèrèsé tuntun dé, Ràmọ́tà ò pariwo. "Ìbráhìm, o wakọ̀ láti Èkó. Lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá bàbá ẹ ná. Tó o bá jí, kí wọ́n máa yọ ọ́."

"Màmá, oorun wo? Ẹ ò rí bí oòrùn ṣe ń ràn, kò sí iná."

"Dùbúlẹ̀ ṣá."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà ni. Ó dùbúlẹ̀, ó ní fóònù òun lòun fẹ́ tẹ̀. Wọ́n pe ìrun Alásàrí, kò jáde. Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ní, "Màmá, ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ wá wò ó."

Fóònù ti bọ́ sílẹ̀. Ìbráhìm lanu sílẹ̀, ó ń hanrun, atẹ́gùn ń gbé kọ́tìnì lé e lẹ́sẹ̀, ó tún ń gbé e kúrò. Àwọn oníṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ràmọ́tà náà rẹ́rìn-ín, títí ó fi fi etí ìborùn nu ojú.

Ẹ̀rín wọn ló jí i. Ó he fóònù nílẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá sọ fún àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n máa kó ẹrù wọn padà.

"Màmá, ṣé báyìí ni Bàbá ṣe máa ń sùn lọ́sàn-án?"

"Lójoojúmọ́," Ràmọ́tà dáhùn. "Èmi náà máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."