Àwo Orin Ìyá Kékeré

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju etí odó lọ, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbọ́ orin ní àdúgbò wa ní Pọbẹ̀, ilé bàbá mi sì ni. Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ ni pé ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu wá kí mi lọ́dún tó kọjá, ó ní àwo orin ti padà sọ́jà, àwọn dúdú ribiti tí ẹ̀yin ń pè ní dísìkì, pé àwọn ọ̀dọ́ ń tò láti rà á. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa. N kò sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n fún un. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹnu mi ṣì lè sọ ọ́.

Bàbá mi ń ra epo àti èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìsàbà, ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu, ló ṣe lè ra giramafóònù tó ń lo bátìrì. Ìyá mi ni ìyáálé ilé. Ìyàwó kejì ni àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Kékeré, olórin sì ni kí ó tó wọlé wa. Wọ́n ti mú un lọ sí Kùtọnu rí, ó kọrin sínú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ àwo kékeré kan jáde, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára páálí tí wọ́n fi bò ó. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, bàbá mi á gbé ẹ̀rọ náà síta, á ní kí Ìyá Kékeré mú àwo rẹ̀ wá. Ojúlé ẹlòmíràn á sófo. Gbogbo wọn á wá jókòó sí àgbàlá wa, àgbà ọkùnrin á mi orí, àwọn obìnrin á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan. Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ á máa ṣa ẹ̀wà nínú atẹ bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ á máa mì. Ìyá mi nìkan ni kì í jókòó. Ìgbà náà gan-an ni yóò gbé ọmọ odó, tí yóò máa gúnyán tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ń retí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Àjàṣẹ́. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé wọn óò gbọ́ ohùn ìyàwó òun. Ìyá Kékeré ti lọ sí ọjà láti òwúrọ̀. Ìyá mi pè mí sínú yàrá, ó fà mí mọ́ra bí kì í ti í ṣe, ó sì wí pé, “Gbé àwo yẹn síta, kí òun náà lọ yá oòrùn díẹ̀.”

Ó yé mi. Mo ń fẹ́ kí n sọ pé kò yé mi, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo yọ ọ́ nínú aṣọ, mo gbé e lé orí páànù tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí, mo jókòó sábẹ́ òjìji, mo ń wò ó. Oòrùn ọjọ́ náà mú. Nígbà tí mo máa gbé e wọlé, ó ti ká létí bí ewé kókò tí iná mú rọ. Mo fi aṣọ wé e padà.

Àwọn àlejò dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ìyá Kékeré ti ọjà dé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára. Bàbá mi gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, kò wò ó dáadáa, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ohùn tó jáde ń lọ sókè, ń wá sílẹ̀, bí ti ewúrẹ́ tó ń kú lọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fò kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò lè fara da ẹ̀rín. Ó bèèrè ẹni tó fi àwo náà sóòrùn. Ìyá mi ní kí wọ́n bi ọmọdé, pé ọmọdé kì í purọ́. Bàbá mi yíjú sí mi.

Ìyá mi kò kọ́ mi ní ohun tí mo sọ. Èmi ni mo hun ún lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Ìyá Kékeré ni. Kí ó tó lọ sọ́jà, ó mú un jáde láti fi han àwọn obìnrin, ó sì gbàgbé rẹ̀ sórí páànù.”

Bàbá mi gbá a létí níwájú àlejò, ó tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ṣàn láti etí òsì rẹ̀ dé ọrùn aṣọ. Kò wo bàbá mi. Èmi ló ń wò. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi bu ẹja tó tóbi jù lọ sínú abọ́ mi, mo jẹ ẹ́, mo sì lá ìka.

Etí náà kò gbọ́ mọ́. Ìyá mi mọ̀, nítorí náà apá òsì ló ti máa ń pè é, bí kò bá dáhùn, á lọ sọ fún bàbá mi pé ìyàwó rẹ̀ ń gbéraga. Ìyá mi fi àwo tó ká náà dé ìkòkò omi. Ó fi páálí tó ní àwòrán fẹ́ iná títí ó fi ya. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń kọ orin náà ní ohùn wíwọ́. Bí Ìyá Kékeré bá ru omi kọjá, a ó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, a ó máa kọ ọ́ bí ewúrẹ́. Ó lo ọdún méjì sí i pẹ̀lú wa. Láàárín ọdún méjì náà, n kò gbọ́ kí ó kọrin lẹ́ẹ̀kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Sakété. Kò sẹ́ni tó lọ bẹ̀ ẹ́.

Èmi náà lọ́kọ, mo bímọ, ìyá mi kú, bàbá mi kú. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó lọ. Mo gbọ́ pé Ìyá Kékeré fẹ́ ọkọ mìíràn, pé ó ń ta ọṣẹ dúdú. Sakété kò jìnnà sí Pọbẹ̀. N kò lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ọmọ mi wá kí mi, ó mú ọkùnrin kan wá láti Kùtọnu, ẹni tó ń ta àwo orin. Ó ní àwọn òyìnbó ń tún orin ilẹ̀ wa àtijọ́ tẹ̀, pé wọ́n ti tún ọ̀kan tẹ̀ tí wọ́n gbà pé ará Pọbẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ obìnrin náà. Ó tẹ fóònù rẹ̀. Kí orin náà tó dé ìlà kẹta, mo ti mọ̀ pé Ìyá Kékeré ni. Ohùn náà mọ́ gaara. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Mo mú ọkùnrin náà lọ sí Sakété. Irọ́ kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: mo rò pé Ìyá Kékeré yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

A bá a lórí àga ní ẹnu ọ̀nà, ó ti gbó, ojú rẹ̀ ṣì mú. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ kékeré jáde, ó fi àwo tuntun sí i. Ìyá Kékeré yí etí ọ̀tún sí i, ó gbọ́ ọ tán. Ọkùnrin náà ya àwòrán rẹ̀, ó ní wọn óò tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn páálí, ó sì fún un ní àwo kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Kékeré yẹ̀ ẹ́ wò, ó bèèrè ohun tí òun óò fi gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó palẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ó jáde lọ dúró de zẹmíjàn tí yóò fi alùpùpù gbé e lọ.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo gbé àwo ọjọ́sí sóòrùn, pé ìyá mi ló rán mi. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà.

“Àwo, ìyá rẹ ló rán ọ,” ló wí. “Irọ́ tó o pa ńkọ́, ta ló rán ọ?”

Ó ní kí n dìde, kí n má wá mọ́. Mo fi aṣọ àti ìrẹsì ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá wọn padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ó kú. Mo lọ síbi ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ rọra sọ fún mi pé ìyá àwọn ti dárúkọ mi, pé kí àwọn má jẹ́ kí n débi ìsìnkú òun. Mo padà sílé.

Ẹ wá ń bi mí bóyá àwo orin ti padà sọ́jà lóòótọ́. Mo ti rìn yí ọjà Sakété ká, n kò rí ẹyọ kan níbẹ̀, fóònù àti káàdì ni wọ́n ń tà. Ní Kùtọnu, ọmọ ọmọ mi mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Wọ́n tò ó sára ògiri bí aṣọ ọlọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ ń fi àwòrán yàn án, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún mi láìtijú pé òun kò ní ẹ̀rọ tó ń lò ó, òun fẹ́ gbé e kọ́ sí yàrá ni. Ó padà dé, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn kan ló padà sí. Láyé tiwa, àgbàlá kan náà ni àwa àti ẹni tó ni ohùn ń gbé, ìkòkò kan náà la ti ń bu omi mu, a sì fi ojú rẹ̀ rí màbo. Láyé ìsinsìnyí, wọ́n fẹ́ràn ohùn rẹ̀ ní ìlú òyìnbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé rí, kò sì sẹ́ni tó bèèrè bóyá obìnrin náà jẹun. N kò lè sọ fún yín èwo ló burú jù. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀.